Ìyá Èsìẹ́ àti Adìẹ Ìtanràn

Wọ́n purọ́ mọ́ ìyá mi àgbà nínú ṣọ́ọ̀ṣì, lójú gbogbo ìjọ, àwọn ènìyàn sì ṣe àmín sí i.

Òkúta ibojì rẹ̀ la lọ ṣí ní Ọ̀mù-Àrán lọ́dún tó kọjá. Ó ti pẹ́ tó ti lọ, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ-ọmọ tó wà lókè òkun ní ojú ń ti àwọn pé koríko ló wà lórí rẹ̀. Nígbà tí ó kan ọ̀rọ̀ nípa olóògbé, ọmọ tí àbúrò bàbá mi àgbà bí dìde, ó fi ọ̀pá gbé ara rẹ̀ ró, ó sì sọ ohun méjì. Ó ní obìnrin jẹ́jẹ́ ni Ìyá, tí kò gbójú sókè wo ọkùnrin kankan rí nílé ọkọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó nawọ́ sí mi níbi tí mo jókòó sí, ó ní bàbá òun ló rán mi lọ sí ilé-ìwé.

N kò sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tíṣà ni mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé mi ṣe, n kò sì rí àṣìṣe rí kí n má fi bírò pupa fa ìlà sí i lábẹ́. Ìlà pupa náà nìyí.

N kò ní dárúkọ ọkùnrin náà. Akọ̀wé ni n óò máa pè é, nítorí bẹ́ẹ̀ ni agbo ilé wa ṣe ń pè é nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Kàdúná, nígbà tí Kàdúná ṣì jẹ́ olú-ìlú fún wa ní Agbègbè Àríwá. Bí mo bá fẹ́ dárúkọ rẹ̀, mo mọ ohun tí n óò kọ́kọ́ rà.

Ìyá ni mo ń pe ìyá mi àgbà, nítorí n kò mọ ìyá mìíràn. Ẹni tó bí mi kú nígbà tí mo wà lọ́mọ ọwọ́. Bàbá mi wà ní Jọ́ọ̀sì níbi tí wọ́n ti ń wa kùsà, Kérésì nìkan la sì ń rí i. Ìyá tó bí bàbá mi ló gbé mi sọ́dọ̀, òun ló kọ́ mi ní ohun gbogbo, títí kan bí ènìyàn ṣe ń jókòó.

Ẹ má fi ìjókòó rẹ́rìn-ín. Èsìẹ́ ni wọ́n bí i sí, Ọ̀mù-Àrán ló wá lọ́kọ. Ẹni tó bá ti dé Èsìẹ́ á mọ àwọn ère òkúta ibẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn jókòó lórí àpótí, wọ́n ń wo iwájú láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Àwọn obìnrin ilé ọkọ rẹ̀ máa ń fi èyí bú u, wọ́n á ní ará ilé òkúta ti dé. Kì í bínú. Ó ní òun kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ wọn ni. Bí ìjà bá bẹ́ sílẹ̀ ní agbo ilé, tí kálukú ń pariwo, Ìyá á gbé àpótí rẹ̀ wá sáàárín, á jókòó, á gbé ọwọ́ lé eékún, kò sì ní sọ nǹkan kan. Láìpẹ́ ariwo á rọlẹ̀, nítorí ó ṣòro láti jà lójú ẹni tó ń wò ọ́ bí ẹni tó ń dúró de ọbẹ̀ kó jinná. Mo bi í nígbà kan pé kí ló dé tí kì í dá sí i. Ó ní, “Àbẹ̀kẹ́, ẹni tó bá kọ́kọ́ dìde ló jẹ̀bi.”

Kíjìpá ló ń hun. Òfì rẹ̀ dúró gbọnin ti ògiri yàrá, bí àwọn obìnrin ìgbà náà ṣe ń ṣe é, igi pẹlẹbẹ kan ló sì fi ń lu òwú mọ́lẹ̀ kí aṣọ lè le. Igi yẹn ló ń bá a dá àlejò lóhùn. Bí ọ̀rọ̀ àlejò bá bá a lára mu, igi á máa dún jẹ́jẹ́. Bí àlejò bá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́nnu, igi á gbóhùn sókè. Ìyàwó Akọ̀wé wá kí i láti Kàdúná nígbà kan, ó ń ròyìn ilé tí wọ́n ń gbé, bí omi ṣe ń ti inú ògiri jáde, bí iná ṣe ń tàn láìsí epo. Igi náà dún tó bẹ́ẹ̀ tí obìnrin náà fi ń kígbe kí a tó gbọ́ ohun tó ń wí. Nígbà tó lọ tán, mo sọ fún Ìyá pé òótọ́ ni ọ̀rọ̀ omi yẹn, pé wọ́n kọ́ wa ní ilé-ìwé. Ó ní, “Mo mọ̀ pé òótọ́ ni. Ẹnu tó fi sọ ọ́ ni mò ń lù.”

Ọmọ ìjọ tó dúró ṣinṣin ni, ṣùgbọ́n ó ń sùn nígbà ìwàásù, kì í sì í ṣe oorun ìkọ̀kọ̀, torí ó ń hanrun. Pásítọ̀ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìgbàjà dé pẹ̀lú ìwàásù gígùn kò lè fara dà á. Ó wá sílé láti bá a wí, ó ní ilé Ọlọ́run kì í ṣe ibi oorun. Ìyá kúnlẹ̀ kí i, ó bu omi fún un, ó ní kó má bínú sí òun. “Pásítọ̀, ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ nílé bàbá rẹ̀ ló ń sùn níbẹ̀.” Pásítọ̀ dúpẹ́. Ó ti dé ojú títì kó tó yé e pé òun kò gba ìlérí kankan lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe jù ni kó fún ènìyàn lórúkọ. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ń pe àbúrò ọkọ yín ní Túndé bí ẹni ń pe ajá, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Láyé Ìyá, ìyàwó kò gbọdọ̀ dárúkọ ẹnikẹ́ni tó bá nílé ọkọ rẹ̀, ìbáà ṣe ọmọ tó ń rá kòrò. Ẹni tí wọ́n bá ti bí kí ìyàwó tó wọlé, ọkọ rẹ̀ ni. Nítorí náà ìyàwó á wá orúkọ àpọ́nlé fún kálukú, èyí ni yóò sì máa pè é títí ọjọ́ ikú. Bí ó bá dárúkọ gan-an, ẹbí á bu ìtanràn lé e, yóò gbé adìẹ wá, yóò sì kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀.

Orúkọ tí Ìyá ń fúnni kì í ní èébú kankan nínú. Bí o bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ, wàá dúpẹ́. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin kan wà tí kì í fẹ́ lọ sóko. Ìyá sọ ọ́ ní Arẹwà-má-rìn-jìnnà. Inú obìnrin náà dùn sí ẹwà, kò wo ìyókù. Òun kan náà ni kò mọ iyán gún. Lọ́dún iṣu kan, ó gbé iyán tó kún fún kókó síwájú Ìyá, ó sì dúró tì í láti gba ìyìn. Ìyá bù ú, ó jẹ ẹ́ pẹ́, ó gbé e mì. Ó wá fi ọ̀wọ̀ sọ pé, “Arẹwà-má-rìn-jìnnà, iyán yìí dùn. Ẹ bá mi yọ egungun rẹ̀ kúrò.”

Àbúrò bàbá mi àgbà, ìyẹn bàbá Akọ̀wé, ló gba orúkọ tó lókìkí jù. Ọmọ kékeré ni nígbà tí wọ́n gbé Ìyá wọlé, ìyá tirẹ̀ sì ti kú, wọ́n gbé e lé ìyàwó tuntun lọ́wọ́. Ìyá ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń pọ̀n ọ́n lọ sódò. Nítorí pé eyín rẹ̀ funfun, ó sọ ọ́ ní Eyínfúnjowó. Orúkọ náà mọ́ ọn lára tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é. Ṣùgbọ́n ọmọ náà dàgbà, ó sì mọ obì jẹ. Nígbà tí èmi fi máa gbọ́njú, eyín rẹ̀ ti pọ́n bí ìsàlẹ̀ ògiri tí òjò ta ẹrẹ̀ sí. Ìyá kò pààrọ̀ orúkọ. Láràárọ̀ yóò kúnlẹ̀, yóò fi ohùn tó kárí agbo ilé kí Eyínfúnjowó, àwa ọmọdé á sì sá wọ yàrá lọ rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà wá bá a lọ́jọ́ kan, ó ní òun ti di àgbà, kó wá orúkọ mìíràn fún òun. Ìyá ní òun kò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. “Ẹ̀bùn ni mo fún yín, ọkọ mi. A kì í gba ẹ̀bùn padà.”

Lọ́dún tí òmìnira dé, tíṣà wa ń lọ láti agbo ilé dé agbo ilé láti ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn àgbà. Wọ́n ti fún àwa ọmọ ilé-ìwé ní àsíá kékeré, a sì ti fi wọ́n lé adìẹ kiri títí wọ́n fi ya. Tíṣà ní òyìnbó ń lọ, ó ní láti ìsinsìnyí lọ kò sí ẹni tí yóò wà lábẹ́ ẹlòmíràn mọ́. Ìyá dá igi òfì dúró, ohun tí kì í ṣe fún ẹnikẹ́ni. Ó béèrè bóyá òun lè wá máa dárúkọ àbúrò ọkọ òun. Tíṣà rẹ́rìn-ín, ó ní ìyẹn kò sí nínú rẹ̀. Ìyá gbé igi rẹ̀ padà. Ó ní, “Ó kù díẹ̀ nìyẹn.”

Ẹ̀yin tí ẹ ṣe àmín ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ fetí sí èyí dáadáa.

Kò pẹ́ lẹ́yìn òmìnira tí bàbá mi àgbà kú, Eyínfúnjowó sì di olórí ilé wa. Ìgbà náà ni mo parí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mo yege ìdánwò, ilé-ẹ̀kọ́ míṣọ́nnù kan fún àwọn ọmọbìnrin sì ní kí n wá. Àsìkò kan náà ni Akọ̀wé ránṣẹ́ láti Kàdúná pé ìyàwó òun ti bímọ, pé àwọn ń wá ẹni tí yóò máa gbé ọmọ. Eyínfúnjowó pe ìpàdé ẹbí. Kò fi ọ̀rọ̀ náà lọ Ìyá. Níbi irú ìpàdé bẹ́ẹ̀, àwọn ọkùnrin ló ń sọ̀rọ̀, àwọn ìyàwó ilé á jókòó lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà kí wọ́n lè gbọ́ ohun tí wọ́n ti pinnu.

Mo mọ ohun tí Kàdúná jẹ́. Ọmọbìnrin kan ní agbo ilé kejì ti bá wọn lọ gbé ọmọ báyìí rí. Nígbà tó padà dé, ó gbọ́ Háúsá, ó mọ aṣọ lọ̀, ṣùgbọ́n kò lè kọ orúkọ ara rẹ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ ìpàdé, Ìyá gbé àpótí rẹ̀ lọ́wọ́ kan, ó fi adìẹ há abẹ́ apá kejì. Àgbébọ̀ pupa rẹ̀ ni, èyí tó ń yé ẹyin jù. Ó kọjá lára àwọn ìyàwó ilé lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé adìẹ tó ti dè lẹ́sẹ̀ síwájú ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Àgbà, ọkùnrin tó dàgbà jù nínú gbogbo ẹbí, tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Adìẹ ké. Bàbá Àgbà béèrè ohun tó dé.

“Adìẹ ìtanràn ni, Bàbá.”

“Ìtanràn ẹ̀ṣẹ̀ wo?”

“Mi ò tíì dá a. Ẹ bá mi gbà á ná, kí ọwọ́ mi lè fúyẹ́.”

Bàbá Àgbà fẹ́ràn ẹran adìẹ. Ó ní kí ìyàwó rẹ̀ gbé e lọ sẹ́yìnkùlé. Ìyá gbé àpótí kalẹ̀, ó jókòó, ó gbé ọwọ́ lé eékún.

Eyínfúnjowó sọ̀rọ̀ pẹ́. Ó ní ìwé tí mo kà ti tó fún obìnrin, pé ọmọbìnrin tó bá mọ̀wé jù, ọkọ rẹ̀ ni yóò máa gúnyán. Ó ní ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wá, ọmọ Akọ̀wé, ọmọ gbogbo wa ni, èmi ni n óò lọ pọ̀n ọ́n ní Kàdúná. Àwọn ọkùnrin ń mi orí pé òótọ́ ni. Ó wá béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ní ọ̀rọ̀ láti sọ, bí ènìyàn ṣe ń béèrè ohun tí kò retí ìdáhùn sí.

“Àjàyí,” ni Ìyá wí.

Àwa ọmọdé tó wà lójú fèrèsé bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹ̀yìn, à ń wá ẹni tó ń jẹ́ Àjàyí. A kò gbọ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ rí ní agbo ilé wa. Ojú àwọn àgbà ló sọ fún wa.

“Àjàyí, ìwọ ni mò ń bá wí. Ẹ̀yìn mi yìí ni mo fi pọ̀n ọ́ nígbà tí o kò ní ìyá. O ń tọ̀ sí mi lára láti ilé dé odò, mi ò sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Bí pípọ̀n bá wà lọ́rùn wa nílé yìí, mo ti pọ̀n tèmi, mo pọ̀n ti ọmọ mi, mo sì pọ̀n ti ọmọ-ọmọ mi mọ́ ọn. Àbẹ̀kẹ́ kò ní pọ̀n ọmọ-ọmọ rẹ. Ilé-ìwé ló ń lọ.”

Èdè Ìgbómìnà wa ló fi sọ ọ́, ó sì le ju bí mo ṣe kọ ọ́ yìí lọ.

Ẹni tó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ni Arẹwà-má-rìn-jìnnà, n kò sì tíì gbàgbé oore náà. Eyínfúnjowó fò dìde. Ó ní wọ́n ti rí òun fín, ó ní kí Ìyá kúnlẹ̀, kí ẹbí bu ìtanràn lé e lójú ẹsẹ̀. Adìẹ ké láti ẹ̀yìnkùlé. Bàbá Àgbà ní wọ́n ti gba ìtanràn, pé a kì í gbà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó tún bi í bóyá kì í ṣe Àjàyí ló ń jẹ́ ni. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ọ̀rọ̀ tó parí ìpàdé: “Ẹni tó pọ̀n ọ́ ló ní ó tó. Ta ni nínú wa tó lè ní kò tó?” Eyínfúnjowó jáde. Ìyá ṣì jókòó sórí àpótí rẹ̀, kò mira.

Bí a ṣe ń lọ sílé, mo bi í pé kí ló dé tó fi jẹ́ àgbébọ̀ pupa, nígbà tí a ní èyí tó yarọ. Ó ní, “Ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni, Àbẹ̀kẹ́. A kì í fi adìẹ arọ dá irú rẹ̀.”

Kíjìpá ló rán mi lọ sí ilé-ìwé. Ó ń hun ún ní òjò, ó ń hun ún ní ẹ̀ẹ̀rùn, títí èjìká ọ̀tún rẹ̀ fi ga ju ti òsì lọ. Eyínfúnjowó kò fún mi ní ọṣẹ ìfọṣọ pàápàá. Ohun tó fún mi ni àsọtẹ́lẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tí mo ń lọ, pé oyún ni n óò gbé bọ̀ kí Kérésì tó dé. Mo padà ní Kérésì pẹ̀lú Bíbélì tuntun tí wọ́n fi ta mí lọ́rẹ nítorí pé mo gba ipò kìíní. Ìyá fi ìborùn wé Bíbélì náà, ó pọ̀n ọ́n sẹ́yìn, ó sì lọ kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ọkùnrin náà. Láti ọjọ́ kejì ìpàdé ló ti padà sí orúkọ àpọ́nlé, bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. “Eyínfúnjowó, ẹ bọ́ síta. Ẹ wá wo ọmọ tí Àbẹ̀kẹ́ bí.”

Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Kwara sílẹ̀, Akọ̀wé kó ìdílé rẹ̀ bọ̀ láti Kàdúná sí Ìlọrin. Ìlọrin ni èmi náà ti ń ṣe tíṣà. Ọmọ tí wọ́n ní kí n lọ pọ̀n ti di ọmọ ilé-ìwé, kò sì mọ ìṣirò rárá. Akọ̀wé wá bá mi nílé, ó bẹ̀ mí kí n máa kọ́ ọmọ náà lẹ́yìn ilé-ìwé. Bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí, ó yẹ kó rántí àga tó jókòó sí, nítorí n kò fún un ní èyí tó ní tìmùtìmù. Mo lọ béèrè lọ́wọ́ Ìyá bóyá kí n gbà. Igi òfì dún jẹ́jẹ́. Ó ní, “Kọ́ ọ dáadáa. Ṣùgbọ́n kó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá.”

Ọ̀rọ̀ kan ló kù, n kì bá tí sọ ọ́, nítorí kò ràn mí lọ́wọ́ nínú ẹjọ́ mi. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi bírò pupa fa ìlà kò gbọdọ̀ fo ojú ewé.

Eyínfúnjowó dàgbà, ó ṣàìsàn, kò dìde mọ́. Àwọn àgbà ẹbí tó lè dárúkọ rẹ̀ ti kú tán. Àwọn ọmọ ń pè é ní Bàbá. Àwọn ìyàwó ilé ń pè é ní Eyínfúnjowó, bẹ́ẹ̀ eyín kankan kò sí lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ìyá, tí òun náà ti tẹ̀, ń gbé ẹ̀kọ gbígbóná lọ fún un láràárọ̀. Mo wà nílé fún ìsinmi, mo bá a gbé àpótí rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Nígbà tó mu ẹ̀kọ tán, ọkùnrin náà ní kí Ìyá pe òun.

“Eyínfúnjowó,” ni Ìyá wí.

Ó mi orí. Ó ní, “Kì í ṣe ìyẹn.”

Ìyá gbé ọwọ́ lé eékún. “Adìẹ dà?”

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ó ké sí àwọn ará ilé pé kí wọ́n mú adìẹ òun kan wá. Wọ́n mú un wá, Ìyá gbé e lé itan, ó fọwọ́ kan àyà rẹ̀ láti mọ̀ bó bá sanra. Lẹ́yìn náà ó tẹ̀ sí ọkùnrin náà létí.

“Àjàyí.”

Ó dáhùn bí ọmọ tí wọ́n pè láti òde wá jẹun. “Ìyá.”

Ìyá tún un pè. Kò béèrè adìẹ kejì. Ṣùgbọ́n bí a ti dé ojú ọ̀nà, ó gbé adìẹ náà fún mi, ó nu ojú rẹ̀, ó ní, “Gbé e wò. Kò wúwo rárá. Ahun ni títí dòní.”

Ẹ ti rí obìnrin jẹ́jẹ́ náà. Ìpàdé ẹbí ń bọ̀ ní Kérésì, wọ́n ní Akọ̀wé ni yóò tún sọ̀rọ̀ nípa bí bàbá rẹ̀ ṣe tọ́ wa. N óò lọ. N óò gbé àga dání, nítorí eékún mi kò gba àpótí mọ́. Mo ti ra adìẹ. Àgbébọ̀ pupa ni, ó sanra, ó wà ní ẹ̀yìnkùlé mi báyìí, ó ń jẹ àgbàdo.